Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Gun Àtẹ̀gùn Dókè

Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé yín ní London, sí ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ọmọ fún wọn, àti sí ẹ̀yin tí ìjọba ń rán wá bẹ ilé wa wò

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ̀yin ìyàwó ilé wa,

Mo mọ̀ pé aago mẹ́fà ìdájí kì í bá yín lórí ibùsùn. Mo mọ̀ bí agogo ẹnu ọ̀nà ṣe máa ń dún nígbà tí òkùnkùn ṣì wà níta, tí ìyá ọmọ á dúró níbẹ̀, aṣọ nọ́ọ̀sì tàbí aṣọ agbálẹ̀ lábẹ́ kóòtù, tí á gbé ọmọ tó ṣì ń sùn lé yín léjìká, tí á sì sáré lọ bá bọ́ọ̀sì. Láti Peckham títí dé Thamesmead, láti Deptford títí dé Abbey Wood, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì bá tí rí iṣẹ́ lọ bí kì í bá ṣe tiyín. Ó lé ní ogún ọdún tí èmi náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ gba ọ̀rọ̀ mi bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ jọ ń ru ẹrù kan náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, arábìnrin kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ mẹ́rin ló ń tọ́jú nílé rẹ̀, kò sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted, àjọ ìjọba tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn olùtọ́jú ọmọ wò ní ilẹ̀ England. Ẹnì kan ti gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ forúkọ sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n á wọ yàrá mi? Ṣé wọ́n á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mirí, ó ní, "Kí ló kàn wọ́n nínú yàrá mi?"

N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìdáhùn mi gùn, ó sì ti wà nínú mi láti kékeré. Òun ni mo wá kọ sílẹ̀ yìí, kí òun àti ẹ̀yin yòókù lè jọ kà á.

Ọdún 1966 ni. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àbúrò mi ọkùnrin kò tíì pé méjì. Bàbá wa ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin lálẹ́. Ìyá wa ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Yàrá kan péré ni wọ́n háyà, onílé sì ti sọ pé òun kò fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Wọ́n wá ṣe ohun tí àwọn ará ilé wa ń ṣe nígbà náà: wọ́n fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú ọmọ méjì. Lẹ́tà kan dé láti ìlú kékeré kan létí òkun ní Kent. Wọ́n kó wa wọ ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n mu tíì ní pálọ̀ obìnrin òyìnbó kan, pálọ̀ náà mọ́ tónítóní, wọ́n san owó oṣù kan sílẹ̀, wọ́n sì padà sí London.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n gbé fúnni báyìí láti bí ọdún 1955 wá pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Farming ni àwọn èèyàn wa ń pè é, bí ẹni pé àgbàdo ni wá tí wọ́n gbìn sí oko olóko. Adewale Akinnuoye-Agbaje tí ẹ ń wò nínú sinimá wà lára wa; ọ̀dọ̀ òyìnbó ní Tilbury ló dàgbà sí, Farming náà ló sì pe sinimá tó fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe ní 2018. N kò bá àwọn òbí wa wí. Ìwé ni wọ́n wá kà, wọ́n fẹ́ kà á tán kí wọ́n padà sílé, owó tí wọ́n sì ń san lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kò fi ibì kan kéré lójú wọn. Wọ́n gbà pé ẹni tó gbowó tí pálọ̀ rẹ̀ mọ́ á tọ́jú ọmọ.

Òfin ti wà nígbà yẹn pé kí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, mọ̀ nípa ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rántí pé ẹnì kan wá. Wọ́n ti mọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Wọ́n wẹ̀ wá láàárọ̀, wọ́n fi ìpara pa wá lára, wọ́n wọ̀ wá láṣọ tí ìyá wa fi ránṣẹ́ tí a kò tíì fojú kàn rí, wọ́n tò wá sórí àga ní pálọ̀. Obìnrin náà dé fìlà aláwọ̀ búlúù. Ó mu tíì. Ó bi mí bóyá mò ń jẹun dáadáa. Ìyá tó ń tọ́jú wa bá mi dáhùn. Ó wo fèrèsé, ó wo káfẹ́ẹ̀tì, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó dìde. Nígbà tó ń jáde, ó dúró díẹ̀ ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó gbọ́wọ́ lé igi rẹ̀, ó wòkè. Lẹ́yìn náà ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ.

Òkè àtẹ̀gùn yẹn ni a ń sùn sí. Ọmọ márùn-ún lórí mátírẹ́ẹ̀sì méjì, nínú yàrá tí wọ́n ń tì pa láti ìta bó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kò sí ohun tó ń mú yàrá náà móoru. Àbúrò mi ń wúkọ́, ó sì máa ń tọ̀ sílé. Lóru tó bá tọ̀ sílé, inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e sí, ibẹ̀ ló sì máa sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn náà jẹ́ mẹ́tàlá. Mo ti kà á láìmọye ìgbà. Bí obìnrin oní-fìlà búlúù yẹn bá ti gbé ẹsẹ̀ mẹ́tàlá, gbogbo rẹ̀ ni ì bá fojú rí. Ìyá tó tọ́jú wa ti kú, mo sì ti dárí jì í. Obìnrin oní-fìlà, n kò mọ̀ bóyá mo ti dárí ji òun.

Ẹ̀yin ará, ohun tó kàn wọ́n nínú yàrá wa nìyẹn.

Nígbà tí èmi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 2003, kò tíì pé ọdún méjì tí Ofsted gba àyẹ̀wò àwa olùtọ́jú ọmọ, tí wọ́n ń pè ní childminder, lọ́wọ́ káńsù. Alábẹ̀wò tí wọ́n rán sí mi jẹ́ obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀. Ó wo pálọ̀ níwọ̀n ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé mo lè gòkè?" Mo dì mọ́ ilẹ̀kùn ìdáná kí n má baà sunkún lójú rẹ̀. Ó gbà pé ẹ̀rù àyẹ̀wò ló bà mí. N kò ṣàlàyé.

Ó gòkè lóòótọ́. Ó fọwọ́ mi fèrèsé láti mọ ibi tó ṣí dé. Ó rí okùn tí a fi ń fa aṣọ fèrèsé sókè sódò, tó rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ sí, ó sì sọ fún mi pé irú okùn bẹ́ẹ̀ ti fún ọmọ lọ́rùn pa. Èmi tí mo ti bí ọmọ mẹ́ta, n kò ro ìyẹn rí. Ó béèrè bí mo ṣe máa tẹ́ ọmọ ọwọ́ sùn, mo ní lórí ikùn, bí wọ́n ṣe tẹ́ mi. Ó ní rárá, ẹ̀yìn ni, ẹ̀yìn nìkan. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ dé ìdáná, ó ṣí fìríìjì, ó mú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan jáde ní pákó ìsàlẹ̀. Ó bi mí ohun tó wà nínú rẹ̀. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ọkọ mi ni. Àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ohun mímu tí wọ́n ń tà nínú ìgò náà, ọwọ́ ọmọ ọdún méjì sì tó o. Ara mi bù máṣọ. Kò pariwo mọ́ mi, kò sì bú àgbo. Ohun tó sọ ni pé kí n gbé e sókè, kí n yí ìgò rẹ̀ padà, kí n sì kọ ohun tó jẹ́ sí i lára.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ kò tó láti fi dáàbò bo ọmọ. Ojú ẹni tí ilé rẹ̀ ti mọ́ lára kì í rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ojú àlejò ló ń rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin wí, torí àṣìsọ pọ̀ lẹ́nu wa. Lábẹ́ òfin ọdún 2006 tí wọ́n ń pè ní Childcare Act, ẹni tó bá ń gba owó láti tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, nínú ilé ara rẹ̀, fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó ń jókòó ti ọmọ láàárín aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí aago méjì òru nìkan, òfin yẹn kò kàn án. Ìyá àgbà ọmọ kò nílò ìforúkọsílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyá tàbí ti bàbá.

Ibí yìí gan-an ni èdè wa ti ń kó bá wa. Àǹtí ni a ń pe gbogbo obìnrin tó bá ju ọmọ lọ. Obìnrin tó ń gbé fúláàtì kejì, àǹtí; ẹni tí a bá pàdé ní ìpàdé àwọn ọmọ ìlú, àǹtí; ẹni tó ń ta iṣu àti ẹ̀wà ní òpópónà Rye Lane, àǹtí. Ó dára bẹ́ẹ̀, n kò ní kí a yí i padà. Ṣùgbọ́n àǹtí tí òfin ń sọ ni ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá òbí ọmọ náà, tàbí ẹni tó fẹ́ ẹ. Mo ti gbọ́ tí olùtọ́jú ọmọ ń sọ pé "Àǹtí wọn ni mí, kò sẹ́ni tó lè mú mi," tí ó sì dá a lójú.

Àwa tún ní àṣà pé kí n bá ọ wo tìrẹ lónìí, kí o bá mi wo tèmi lọ́la. Ọ̀rọ̀ yìí dá wàhálà sílẹ̀ ní 2009, nígbà tí wọ́n sọ fún àwọn obìnrin ọlọ́pàá méjì tí wọ́n ń bá ara wọn wo ọmọ láìgba kọ́bọ̀ pé wọ́n ti rú òfin. Ariwo sọ káàkiri ilẹ̀ England, ìjọba sì wá là á mọ́lẹ̀ pé irú àbáṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ kò sí lára ohun tí à ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ̀rọ̀ lé ni ti ẹni tó ń gbowó, tí ọmọ ń bá gbé láàárọ̀ títí di alẹ́.

Àwọn ohun tí Ofsted ń béèrè kò kọjá agbára obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ tí ẹ ń ṣe yìí. Ẹ ó gba ẹ̀kọ́ wákàtí 12 lórí bí a ṣe ń ṣe ìtọ́jú pàjáwìrì fún ọmọdé, ẹ ó sì máa tún un gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ ó kọ ẹ̀kọ́ díẹ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ àti nípa bí a ṣe ń mọ ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ẹ ó sọ bí ara yín ṣe le sí. Wọ́n á ṣe àyẹ̀wò ìwà ọ̀daràn, tí wọ́n ń pè ní DBS, fún yín àti fún gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún 16 tó ń gbé inú ilé. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ tọ́jú ju ọmọ mẹ́fà tí kò tíì pé mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú wọn, mẹ́ta péré ló lè wà ní ọjọ́ orí tí kò tíì tó ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn wọ̀nyí ló sì máa ń jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Ọmọ tiyín wà nínú òǹkà náà. Owó ìforúkọsílẹ̀ ọdún kan kò tó owó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sílé.

Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀. Àbúrò ọkọ tó ti Ìbàdàn dé, tó ń sùn ní yàrá kékeré "fún ìgbà díẹ̀," tí ìgbà díẹ̀ náà sì ti di ọdún mẹ́ta, ta ni yóò sọ fún un pé kó mú ìwé rẹ̀ wá kí wọ́n wádìí rẹ̀ wò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá? Ó dà bí ìwọ̀sí. Mo sọ ọ́ fún àbúrò ọkọ tèmi ní 2003, ó sì bínú sí mi fún odindi oṣù kan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìyá ọmọ tó ń gbé ọmọbìnrin rẹ̀ fún yín mọ̀ yín, kò mọ àbúrò ọkọ yín. Ẹni tí kò mọ̀ yẹn ló ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Bí a bá fi ìtìjú bo èyí, ọmọ ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ẹ̀rù mìíràn ni ti ìwé ìgbélùú. N kò ní pa irọ́ fún yín: ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí kò lè forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní in, tó kàn ń bẹ̀rù ìwé kíkún ni, kó wá bá mi. Ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ ti káńsù tàbí ti onílé, kó tọrọ ìyọ̀ǹda wọn. Ẹ má sì rò pé ilé ńlá ni wọ́n ń wá. Fúláàtì oníyàrá méjì, alájà méjì, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lórí òkè àwọn ṣọ́ọ̀bù, kí a tó kó lọ sí ibi tí a wà lónìí.

Àwọn kan á ní, "Bí Sóṣà bá wọlé, wọ́n á gbé ọmọ tèmi gan-an lọ." Alábẹ̀wò Ofsted kì í ṣe òṣìṣẹ́ Sóṣà, ẹ̀ka káńsù tó ń mójú tó ààbò ọmọ. Ohun tó wá wò ni bóyá ẹ yẹ lẹ́ni tí à ń fọmọ tì àti bóyá ilé yẹ. Òótọ́ ni pé bó bá rí ọmọ tí wọ́n ṣe léṣe, kò ní dákẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó dákẹ́ láéláé.

Ìbéèrè kan wà tí alábẹ̀wò yóò bi yín, mo sì fẹ́ kí ẹ ti ronú sí i kó tó dé. Yóò ní, "Bí ọmọ bá ṣe ohun tí kò dára, kí ni ẹ ó ṣe?" Òfin ò gbà kí olùtọ́jú ọmọ na ọmọ, kò gbà kó halẹ̀ mọ́ ọn pé òun á nà án. Inú ìgbátí àti pàṣán ni púpọ̀ nínú wa ti dàgbà, a sì máa ń sọ pé òun ló jẹ́ ká dèèyàn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ti tọ́ ọmọ tó ju ọgọ́ta lọ láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nínú wọn, mo sì rí i pé ọmọ tó bá mọ̀ pé a kò ní na òun máa ń sọ òtítọ́ fún wa kíákíá. Ọmọ tó ń sọ òtítọ́ fún wa ni a lè dáàbò bò.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi oúnjẹ dẹ́rù bà yín. Àwọn ọmọ mi ń jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì, wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín, wọ́n ń mu ògì láàárọ̀. Alábẹ̀wò kan tiẹ̀ bi mí bí mo ṣe ń se gbẹ̀gìrì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀pà ni kí ẹ ṣọ́ra fún: a kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní odidi ẹ̀pà, torí ó lè há a lọ́nà ọ̀fun. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìlànà pé nígbà tí ọmọ bá ń jẹun, ẹni tó kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, fóònù ò sí lọ́wọ́ lásìkò oúnjẹ.

Ìbéèrè arábìnrin mi yẹn, "Kí ló kàn wọ́n nínú yàrá mi?", ti pẹ́ ní ìlú yìí ju àwa lọ. Ní 1870, ní Brixton tí a ń gba kọjá yìí, ọlọ́pàá wọ ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Margaret Waters, wọ́n bá àwọn ọmọ jòjòló tí wọ́n ti fún ní oògùn oorun, tí ebi ti sọ di egungun. Òun náà ń fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn pé òun ń gba ọmọ tọ́. Wọ́n yẹgi fún un ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Baby farming ni àwọn òyìnbó ń pe irú òwò bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ bí orúkọ náà ṣe jọ èyí tí àwa fúnra wa wá lò ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣòfin pé kí àwọn tó ń gbowó tọ́ ọmọ ọwọ́ forúkọ ilé wọn sílẹ̀, àwọn kan nínú àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin gan-an ló tako ó, pé kí ìjọba má tọ ilé ìdílé wá. Ìbẹ̀rù wọn kò ṣàì nídìí. Síbẹ̀ òfin náà jáde ní 1872, ó sì jẹ́ aláìlágbára fún ìgbà pípẹ́. Ó di 1948 kí òfin tó dárúkọ àwa childminder ní tààrà.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ọmọ kan. Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Côte d'Ivoire, kú ní London ní oṣù kejì ọdún 2000, àpá sì bo gbogbo ara rẹ̀. Àǹtí bàbá rẹ̀ ló mú un wá sí òkè òkun, òun àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ni ilé ẹjọ́ sì dá lẹ́bi ikú rẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo ka ìwádìí tí Lord Laming ṣe lórí ikú rẹ̀, tó jáde ní 2003. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń bá wọn mójú tó ọmọ náà, tí kò forúkọ sílẹ̀ bíi tiyín. Òun ló rí egbò lára ọmọ náà ní oṣù keje ọdún 1999, ọmọbìnrin rẹ̀ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Dókítà ní àìsàn awọ ara tó ń yúnni ni, wọ́n sì dá ọmọ padà fún ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́. Obìnrin yẹn ṣe ohun tó tọ́. Àwa tí à ń bọ́ aṣọ lára ọmọ tí à ń wẹ̀ ẹ́ là ń kọ́kọ́ rí egbò. Mo fẹ́ kí ẹni tó rí i ní orúkọ nínú ìwé, kó ti kọ́ ohun tí a ń ṣe, kó mọ ẹni tí yóò pè, kó sì lè pè é lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìbẹ̀rù pé wọ́n á yíjú padà sí òun.

Ẹ sì kíyè sí i pé àǹtí bàbá kì í ṣe ìbátan tó sún mọ́ ọmọ tó lójú òfin. Bí ọmọ tí kò tíì pé 16 bá máa gbé lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, káńsù gbọ́dọ̀ mọ̀. Òṣìṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ wá láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje, kó sì máa padà wá, ó kéré tán, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ní ọdún àkọ́kọ́. Ó tún yẹ kó bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Lóun nìkan, láìsí ẹni tí yóò bá a dáhùn.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yín kò pọ̀. Ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́, wákàtí 30 lọ́sẹ̀ ní àsìkò ilé ẹ̀kọ́ láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, àti pọ́n-ùn 2 tí wọ́n ń fi kún gbogbo pọ́n-ùn 8 tí ẹ bá yà sọ́tọ̀ fún owó ìtọ́jú ọmọ, kò ṣeé lò lọ́dọ̀ olùtọ́jú tí kò forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ẹ rò pé owó rẹ̀ kéré lè jẹ́ òun ló wọ́n jù. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí, ẹ ka àbọ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó mú yín lọ wo ibi tí ọmọ yín á máa sùn. Bí ó bá ní kí ẹ jókòó ní pálọ̀ kí ẹ mu tíì, ẹ gbé ọmọ yín kí ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin Ofsted àti ẹ̀yin ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún obìnrin tó gun àtẹ̀gùn mi. Ṣùgbọ́n mo ní ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún. Fún ìgbà pípẹ́, ìlànà gbà kó tó ọdún mẹ́fà kí ẹ tó padà sílé olùtọ́jú ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yìí á ti máa ka ìwé nílé ẹ̀kọ́ kí ọdún mẹ́fà tó pé. Kò sẹ́ni tó wò ó rí. Ẹ máa wá lemọ́lemọ́, kódà bí ẹ ò bá ju wákàtí kan lọ. Ẹ tún máa ń fi fóònù pè wá ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú. Mo mọ ìdí rẹ̀: a lè ti kó ọmọ lọ sí páàkì. Ó sàn kí ẹ bá ilẹ̀kùn ní títì lẹ́ẹ̀kan ju kí ẹ bá àwọn ọmọ tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n ti tò sórí àga nítorí yín.

Iye àwa childminder ní England ti lọ sílẹ̀ tó ìdajì láti bí ọdún 2012 wá. Ẹ má rò pé gbogbo àwọn ọmọ tí a ń tọ́jú ló lọ sí nọ́sìrì. Òmíràn lọ sí ibi tí ẹ ò mọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Brian Jackson, tó ń ṣèwádìí nípa àwọn olùtọ́jú ọmọ, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń jí ní ìdájí, wọ́n á dúró lójú pópó láti wo ibi tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ lọ, torí wọ́n mọ̀ pé ìwé ìjọba kò lè sọ fún wọn. Bí ẹ bá fẹ́ rí àwọn obìnrin tí mò ń kọ̀wé sí yìí, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn ìsìn, ẹ wá sí mọ́ṣáláṣí wa ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ kó fọ́ọ̀mù wá, kí ẹ sì mú ẹni tó gbọ́ Yorùbá dání. Ẹ má fi ìwé ìjìyà ṣe ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ rí lọ́wọ́ yín.

Àbúrò mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, ó ń gbé ní Leeds, ó ní ọmọ, ó ní ọmọ ọmọ. Kò sí yàrá kankan nílé rẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọlé.

Mo ti bá arábìnrin tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn ṣe àdéhùn. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá, màá lọ sílé rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò, bí ẹni pé èmi ni alábẹ̀wò. Ó ti ń gbá pálọ̀ sílẹ̀ dè mí, ó sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, yàrá òkè la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùtọ́jú ọmọ kan ní gúúsù ìlà-oòrùn London